Nọ́ńbà Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Nǹkan méjì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lé lórí: áyọ́ọ̀nù rẹ̀ àti nọ́ńbà bàtà rẹ̀. Ilé alágbàfọ̀ ló ti ń lọ aṣọ. Orí sìmẹ́ńtì ló máa ń dúró sí látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ẹ̀wù tó bá sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, àwòdami-ẹnu ni. Ní ti bàtà, mẹ́tàdínlógójì ló ń wọ̀ láti ìgbà wúńdíá. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn títí dòní.

Ìgbà tó yá, gìgísẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Tó bá jí láàárọ̀, á di ògiri mú kó tó lè dé balùwẹ̀. Ó lọ ra sílípáàsì pẹlẹbẹ tó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun ń fẹ́ ìsinmi. Ṣe ni ìrora náà le sí i. Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ á ti máa gbọ́ sílípáàsì tó ń wọ́ bọ̀ láti ojú títì, á gbé omi kaná, á sì bá a fọ ẹsẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ wá pè é, ó ní tí kò bá lè dúró mọ́, kó wá jókòó ti kántà, kó máa gba aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ oníbàtà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo mú un lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú tán, torí bàtà tó bá gba ẹsẹ̀ láàárọ̀ lè há láṣálẹ́.

“Mẹ́tàdínlógójì ni kẹ́ ẹ fún mi,” ẹ̀gbọ́n mi wí, kó tó jókòó rárá.

Oníbàtà tẹ́ páálí sílẹ̀. “Màmá, ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ dúró lé e.” Ó fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó sì gbé sílípáàsì lé orí ilà náà. Ilà yọ níwájú, ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ló ni ẹsẹ̀ yìí?” ẹ̀gbọ́n mi bi wá.

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i téèyàn bá ń dàgbà.” Ó ká sílípáàsì náà bí ẹní. “Èyí ò gbé ẹsẹ̀ dúró.” Ó mú bàtà dúdú kan wá tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tó ga díẹ̀ láàárín àtẹ́lẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ibi ìka nìkan ló ti ń ká.

Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ara tù ú, mo rí i. Ó wá wo nọ́ńbà. “Ogójì! Kí ni mo máa sọ fún ọkọ mi?” Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni lójú mi, àmọ́ omi wà lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ó rà á, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ló ń fi í pamọ́ sí. Sílípáàsì ló ń wọ̀ wálé. Gìgísẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ò sì dárúkọ kántà mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀, ó gbàgbé láti pààrọ̀ bàtà. Mo wà nílé wọn nígbà tó wọlé. Ọkọ rẹ̀ ta gìrì lórí àga.

“Ìgbà wo lo dé? Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Omi ò tíì sí lórí iná.”

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi rántí ohun tó wọ̀. Ó jókòó, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga, ọkọ rẹ̀ gbé e lé orúnkún, ó wo ìsàlẹ̀ bàtà.

“Ogójì,” ó wí.

“Ẹ má bínú,” ẹ̀gbọ́n mi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ ẹsẹ̀ yìí. Ṣé o rò pé mi ò mọ bó ṣe tó ni?” Ó so okùn bàtà tó tú. “Ẹlẹ́sẹ̀ Kékeré, dìde, oúnjẹ ń tutù.”

Ó dìde. Kò di ògiri mú.