Odó Ìyá Bùràímọ̀ Ló Kọ́kọ́ Ń Dún

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí ẹ bá dé Aràmọkọ tí ẹ béèrè Tíṣà Adébùsọ́lá, ọmọdé gan-an yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Erio ni wọ́n ti bí i, Aràmọkọ ló ti relé ọkọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ohùn orin rẹ̀ dùn, bí olódo bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, yóò mọ̀wé kà tipátipá ni. Ohun kan ṣoṣo ló ṣòro fún obìnrin yìí láyé: kí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ délẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Ẹni tó bá pe Adébùsọ́lá lọ́lẹ, ó purọ́ mọ́ ọn. Aago méjì ni iléèwé ń jáde, yóò délé, yóò ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀. Bó bá dìde, ìgbà yẹn ni yóò rántí pé ata ò sí, yóò rán Moses, àkọ́bí rẹ̀, lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Yóò fẹ́ dáná, igi á tutù. Igi á wá jó, ọbẹ̀ àná á ti gan mọ́ ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀. Yóò fẹ́ fọ ìkòkò, omi á ti tán nínú àmù. Láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́jọ, iṣẹ́ ló ń ṣe, òógùn á bò ó, inú á máa bí i, síbẹ̀ iyán ò ní tíì délẹ̀. Francis ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì káńsù, kì í sọ̀rọ̀. Ó ti mọ bí a ti ń fi gúgúrú àti ẹ̀pà mú sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà ì bá sì wà bẹ́ẹ̀ títí ayé, ká ní Ìyá Bùràímọ̀ kò kó wá sílé kejì.

Rónkẹ́ lorúkọ Ìyá Bùràímọ̀, ará Ìkìrun ni. Àrẹ̀mú ọkọ rẹ̀ ń wa mọ́tò akẹ́rù lọ sí Iléṣà, òun fúnra rẹ̀ ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ráyè ju tíṣà lọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí, kò sì kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, bí aago márùn-ún bá ti lù báyìí, odó rẹ̀ á gbera sọ. Kì, kì, kì, nígbà tí iṣu ṣì ń fọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, pọ̀, pọ̀, pọ̀, iyán ti ń fà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, odó á dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ omi tí àwọn ọmọ fi ń fọwọ́.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ Èkìtì. Odó ò ṣeé fi pa mọ́ fún aládùúgbò. Òun ló ń sọ fún gbogbo ayé pé iná ti jó nílé lágbájá, pé ọkọ tàmẹ̀dò ò ní sùn lébi. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìgbà tí odó Tíṣà máa ń dún: ìgbà tí wọ́n bá ti fọ tiwọn, tí wọ́n ti da ojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ará Ìkìrun!" Adébùsọ́lá á máa sọ ọ́ sínú. "Ẹni tí kò lè pe uyán bí a ti ń pè é, tó ń là á mọ́lẹ̀ 'iyán, iyán' bí àwọn ará rédíò! Àwọn tó jẹ́ pé ọkà ni wọ́n ń jẹ nílé wọn! Òun ló máa wá ṣáájú ọmọ Erio nídìí odó?"

Owú náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, Adébùsọ́lá sì ń gbẹ lóòótọ́. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìfọṣọ, tó rí aṣọ tí Ìyá Bùràímọ̀ sá, funfun lápá kan, aláwọ̀ lápá kan, àyà rẹ̀ á máa ta. Ìgbà kan tí àwọn wolé-wolé wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí nílé Ìyá Bùràímọ̀, wọ́n ní "Ẹ ṣeun mà," wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ilé Tíṣà, wọ́n jókòó, wọ́n fa bírò yọ, wọ́n ń kọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Adébùsọ́lá kò fi dáhùn bí Ìyá Bùràímọ̀ bá kí i.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin náà láti ojú fèrèsé. Lóòótọ́ ni mo wí, tíṣà odindi, ẹ̀yìn kọ́tìnnì! Ó rí i pé bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ tirẹ̀: Bùràímọ̀ a pọnmi kún àmù, èyí tó tẹ̀ lé e a gbálẹ̀, èyí tó kéré jù a fọ abọ́. Ó rí i pé àárọ̀ kùtùkùtù ni Ìyá Bùràímọ̀ ń bẹ iṣu ìrọ̀lẹ́, tó ń rẹ ẹ́ sómi nínú abọ́ fífẹ̀, tó sì ń dé e. Ọjọ́ Sátidé ló ń lọ ata gbogbo ọ̀sẹ̀, tó ń sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tó sì ń gbé e kaná láàárọ̀ lálẹ́ kó má bàa kan. Igi ìdáná rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé, gbígbẹ furúfurú. Adébùsọ́lá rí gbogbo rẹ̀, kò sì mú ọ̀kankan lò. Ó yínmú. "Ṣé ilé nìyí ni," ó ní, "àbí bárékè ṣọ́jà?"

Gbogbo ìyẹn ì bá ṣeé mú mọ́ra, bí kì í bá ṣe ti Tinúkẹ́.

Tinúkẹ́ ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ tí a fi ọdún mẹ́rin wá kí Ọlọ́run tó ṣe é. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ọmọdé ò sì mọ owú. Bí odó bá ti dún níhà kejì, Tinúkẹ́ á mú abọ́ rẹ̀, ó di ilé Ìyá Bùràímọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣa àjákù aṣọ nídìí ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni oorun yóò ti gbé e. Lálẹ́, Francis á lọ gbé e sí èjìká wálé. Nígbà tí iyán ìyá rẹ̀ bá délẹ̀, ọmọ á ti máa hanrun.

Ní ọjọ́ kan, tíṣà kíláàsì Tinúkẹ́ bi àwọn ọmọ léèrè pé iṣẹ́ kí ni ìyá kálukú ń ṣe. Tinúkẹ́ dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá mi ń ránṣọ." Iléèwé kan náà tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ni! Kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi, gbogbo tíṣà ti gbọ́. Wọ́n ń pe Adébùsọ́lá ní "Ìyá aránṣọ", wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Bó ti délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Ó ti gba ọmọ mi," ó sọ fún Francis. "Bàbá Moses, obìnrin yẹn ti fi òkèlè gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Tinúkẹ́ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́."

Francis wò ó. "Ìyá Moses, bí kò bá débẹ̀, kí ni kó jẹ ní aago márùn-ún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹ̀rín gbogbo iléèwé lọ. Òru yẹn ló pète ohun tí ọmọ Èkìtì tí orí rẹ̀ pé kò lè pète láé.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí Moses àti Tinúkẹ́ ti lọ lọta, Adébùsọ́lá gbé odó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ojú ò tó. Kò sí iṣu lórí iná. Kò tilẹ̀ tíì sí iná. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún odó òfìfo. Kó! Kó! Kó! Ó gún un títí òógùn fi bọ́, ó sinmi díẹ̀, ó tún gún un. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ kígbe pé, "Háà, Tíṣà! Iyán yá lónìí o!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Nígbà tí odó Ìyá Bùràímọ̀ wá dún, ó ti pẹ́ jù. Òun ló ṣáájú!

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, oorun gbé e lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Irọ́ pàápàá, kò lè pa á lásìkò. Nígbà tó fi ta jí, odó Ìyá Bùràímọ̀ ti dún, ó ti dákẹ́. Ó fi ìbínú dìde, ó já lu odó rẹ̀, ó ń gún un bí ẹni tó ń bá a jà. Gbogbo ẹni tó fẹ́ kó gbọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò rántí pé Tinúkẹ́ náà létí.

Tinúkẹ́ ti jókòó ti abọ́ nílé Ìyá Bùràímọ̀, ó ti fọwọ́, ó ti bu òkèlè àkọ́kọ́, kò tíì fi kan ọbẹ̀. Ó gbọ́ odó ilé wọn. Ló bá sọ òkèlè sílẹ̀, ó fò dìde. "Màmá mi ti gúnyán!" ó pariwo. "Màmá mi ti gúnyán! Ilé wa ni mo ti máa jẹun lónìí!" Eré ló sá wálé, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná yọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi.

Ó bẹjú wo inú odó.

Adébùsọ́lá dúró, ọmọ odó lọ́wọ́. Ó ní òun ń gbọn eruku inú odó ni. Ó ní iṣu ń bọ̀, iṣu ò ní pẹ́ jinná. Ọmọ náà wo odó, ó wo ojú ààrò tó tutù, ó wo ojú ìyá rẹ̀. 

Ìyá Bùràímọ̀ pe ọmọ láti òdìkejì ògiri. "Tinúkẹ́! Ṣé o ti rí jẹ níbẹ̀ yẹn?"

Tinúkẹ́ yíjú sí ìhà ibẹ̀. "Ẹ̀n, mà," ó dáhùn sókè, kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Mo ti jẹ ẹ́. Iyán màmá mi dùn gan-an. Mo ti yó."

Ikùn rẹ̀ kùn bó ti ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ wò ó, ohun tó ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti sọ iyán gidi sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ó ti bá a bo àṣírí, ó sì ti fi ebi ara rẹ̀ san án. Adébùsọ́lá rò pé ọkàn òun yóò balẹ̀. Ìtìjú ló bò ó dípò ìyẹn. Ó gbé ọmọ odó jù sílẹ̀, ó mú Tinúkẹ́ lọ́wọ́, ó yí ògiri po, ó sì dúró níwájú Ìyá Bùràímọ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ìyá Bùràímọ̀," ó ní, "ọmọ yìí ò jẹ nǹkan kan. Odó òfìfo ni mo gún."

Ìyá Bùràímọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀, Màmá Moses. Àtàná ni mo ti mọ̀. Ta ni yóò gbọ́ odó òfìfo tí yóò pè é ní iyán? Abọ́ rẹ̀ nìyí, mo ti dé e."

Ó ṣí abọ́ náà. Iyán funfun, kò sí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Owú tún mú Adébùsọ́lá, nítorí owú kì í tán lọ́jọ́ kan. Tinúkẹ́ ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Màmá, ṣé kí n jẹ ẹ́?"

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," Adébùsọ́lá wí. "Jẹ ẹ́ yó."

Ó dúró títí ọmọ fi gbé òkèlè kejì mì. Lẹ́yìn náà ni tíṣà tó ti ń kọ́ ọmọ aráyé láti ọdún mẹ́tàlá fa àpótí kan, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyá Bùràímọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Láàárọ̀ tí ẹ bá jí, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?"