Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Oyèlọlá

Láyé ìgbà tí nǹkan ṣì dára, kò sí tírélà tí ó sun gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ tí Akínṣọlá kò ní kọ nǹkan sí i lẹ́yìn. Àtíìsì ni. Òun ní ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, òun ní ń ya orí sára ògiri onígbàjámọ̀, láti Odigbó títí dé Araromi-Obu. Ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń tẹ bánà dé sí ìkòríta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ń bẹ̀ ẹ́ lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Oyèlọlá ìyàwó rẹ̀ ló ní kí ó padà sí ilé ìwé. Ọkùnrin náà ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta nígbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìyìn, kí n wá lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí?"

"Ṣé wọ́n ní ẹ máa dúró ni?" obìnrin náà dá a lóhùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti fi ìwé sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní bàbá yín kú. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ìyìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò ní fi èmi ṣe àwáwí o."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Akínṣọlá wọ kọ́lẹ́jì, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Dádì ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é, wọ́n sì máa ń fi àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì pamọ́ dè é lẹ́bàá fèrèsé. Olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà, Mísì Bọ́látitó, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, kò sì gba gbẹ̀rẹ́. Àkókò tí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ Akínṣọlá, ó ní, "Bàbá, orí kan ṣoṣo lẹ mọ̀ ọ́n yà." Òótọ́ ni. Orí kan náà ló ti ń yà fún gbogbo onígbàjámọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì jókòó ti ènìyàn gidi yà rí. Bí ó bá ṣì í, á fi ọ̀dà bò ó, ó parí, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ọdún tí ó fẹ́ jáde ni wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá fún wọn. Kí olúkúlùkù wá ẹnì kan, kí ó fi pẹ́ńsù ya ojú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, lórí pépà kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ pààrọ̀. Ẹni tí kò bá mú un wá kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà. Mísì wá ṣe òfin kan fún wọn. Ó ní, "Bí àwòrán àti ènìyàn kò bá bára mu, àwòrán ló jẹ̀bi. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un yà." Akínṣọlá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Oyèlọlá náà ni yóò yà, ta ni ì bá tún jẹ́? Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, obìnrin náà á gbé àpótí sẹ́yìnkùlé, á máa bó ẹ̀gúsí sínú àwo tó gbé lé itan, ọkọ rẹ̀ á jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pépà lórí pákó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú náà jáde dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Oyèlọlá kún, ó rọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ni Akínṣọlá rí ní Ajué lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí ọmọbìnrin náà ru ẹyìn bọ̀ láti oko bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwòrán náà jáde yìí, ojú ti àtíìsì wa láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wo pépà, ó wo ìyàwó, ó pòṣé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ orí pépà ti tóbi ju ti ẹni tó jókòó lọ. Ó rántí òfin Mísì, ó mú rọ́bà, ó pa á rẹ́, ó fa ìlà náà wọlé díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bákan náà.

"Ìyá Ìyìn, ọwọ́ mi ò tíì mọ́ o. Mo tún ti yà ọ́ sanra jù."

"Ẹ ṣáà máa pa á rẹ́," Oyèlọlá wí, kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀gúsí. "Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó bá mi."

Bí ó bá bu oúnjẹ tán tí kò jẹ ẹ́, á ní òun ń gbààwẹ̀ fún ìdánwò ọkọ òun. Akínṣọlá á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ènìyàn á dúpẹ́ lórí nǹkan tí ń pa á lára. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni a tó mọ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ kejì ni obìnrin náà ti sọ pé òun ń lọ wo ẹ̀gẹ́ ní Ajué, tó gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó rí nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kọ ìwé fún un pé kó tètè lọ sí ọsibítù ńlá. Oyèlọlá ká ìwé náà, ó tì í sábẹ́ aṣọ, ó ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù kí ọkọ rẹ̀ parí. Ẹ má bú u. Èmi ti bú u títí tó fi sú mi, kò sì yí nǹkan kan padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, Ìyìn ọmọ wọn dé láti Àkúrẹ́. Ó tó oṣù márùn-ún tó ti wálé kẹ́yìn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ rù báyìí?"

Akínṣọlá gbé rọ́bà dání, ó yí padà, ó wo ìyàwó rẹ̀ láìsí pépà láàárín wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọkùnrin yìí kò sunkún rárá, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko ló sì fi tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀ tí kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé Oyèlọlá lọ sí ọsibítù ńlá. Àwọn dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun tí obìnrin náà ń bèèrè kò ju ọ̀kan lọ.

"Ṣé ẹ ti parí ẹ̀?"

"Mi ò ní fojú kan pépà yẹn mọ́ láyé."

"Ẹ ó mú un lọ fún wọn, Bàbá Ìyìn. Mo ti sọ pé ẹ ò ní fi èmi ṣe àwáwí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́bọ̀, ó kú. Wọ́n sin ín sí Ajué, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Akínṣọlá ká pépà náà, ó gun ọ̀kadà, ó gbé e lọ bá Mísì Bọ́látitó nínú kíláàsì, níbi tí àwọn ọmọ jókòó sí. Ó ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá, ṣùgbọ́n Mísì gbà á. Ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó wò ó títí. Àmì àwọn ìlà tó ti pa rẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan ń wọlé sínú èkejì, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún dé ibi tí egungun ti yọ.

"Bàbá, èwo lẹ kọ́kọ́ yà nínú gbogbo ìlà yìí?"

Akínṣọlá fi ìka kan èyí tó wà lóde pátápátá.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á rẹ́?"

"Mo rò pé mo ṣì í yà ni. Gbogbo wọn ni mo ṣì yà."

Mísì sọ pépà náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá, kò sí èyí tẹ́ ẹ ṣì yà nínú wọn."

Akínṣọlá na ọwọ́, ó ní kí Mísì dákun yá òun ní pẹ́ńsù, òun fẹ́ dá ti àkọ́kọ́ padà, èyí tó kún yẹn. Mísì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní rọ́bà ti jẹ pépà níbẹ̀ tán, bí pẹ́ńsù bá tún kàn án, yóò ya.

Ọkùnrin náà jókòó sórí àga tí àwọn ọmọ máa ń fi pamọ́ dè é, ó sì sunkún lójú gbogbo wọn. Ohun tó ń sọ kò yé àwọn ọmọ náà, Mísì nìkan ló yé. Bàbá náà ń wí pé láti ọjọ́ yìí ni ọwọ́ òun ti ń sọ fún òun pé ìyàwó òun ń rù, òun ni òun ò gbà á gbọ́.