Àkọ́pa Bàbá Ẹ̀sítéètì

Ọ̀pá ìwọ̀ tèmi, ọparun ni. Mo gé e lẹ́yìn ilé, mo so okùn mọ́ ọn, mo gé ègé sílípáàsì tó ti já sí ojú okùn kó máa léfòó, kí n lè mọ̀ tí ẹja bá fà á. Ó parí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń dẹ àwọ̀n, ìyá mi ń yan ẹja, èmi ọmọbìnrin tí wọn ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ojú omi sì ń jókòó sí etí ọ̀sà pẹ̀lú ìwọ̀. Nígbà tí mo lọ́kọ wá sí Ìkòròdú, mo gbé ìwọ̀ mi dání wá bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń gbé ìkòkò. Ọkọ mi ti lọ sinmi, àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn, omi ò lọ síbì kankan.

Àwa tí à ń fi ìwọ̀ pẹja lápá Èbúté ò pọ̀. Àwọn apẹja gidi ní àwọ̀n àti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n sì máa ń wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ń fi iyanrìn se ọbẹ̀. Kò dùn wá. Bí wọ́n bá ti kọjá, a ó jókòó sórí àpótí wa, ẹni tó bá ní ẹ̀pà a pín in, a ó wá máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í fẹ́ pa ìjókòó jẹ.

Ibẹ̀ ni bàbá ẹ̀sítéètì bá wa. Ará ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni òun àtìyàwó rẹ̀, wọ́n rẹ́ńtì ilé nínú ẹ̀sítéètì kan lẹ́yìn Agric. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ṣe l'Ékòó láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí tó fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Itamága ti ń retí pé yóò máa bá òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Dípò bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà lọ ra ọ̀pá ìwọ̀ kan tó ń dán bí ife dígí, èyí tó ń gùn tó tún ń kúrú, tó ní ohun tí wọ́n fi ń ká okùn lára. Ó ra fìlà. Ó ra àga tó ṣeé ká. Ó ra bàtà onírọ́bà tó dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ ibi tí à ń jókòó sí gbẹ ju pálọ̀ mi lọ.

Mo kí i káàbọ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ pa ẹja ni, àbí ó fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìmúra ni ìdajì iṣẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa ṣe ìdajì tó kù.

Èèyàn dáadáa ni. Ó kàn jẹ́ pé kò lè fọwọ́ kan ekòló ni. Búrẹ́dì ló ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Àwọn ẹja ọ̀sà jẹ búrẹ́dì rẹ̀ títí, mo ní ó kù kó máa gbé tíì wá fún wọn. Gbogbo wa ni à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò bínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, tí omi pa rọ́rọ́, ó dédé sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

"Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibí nìkan ni mo jókòó sí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́."

Mi ò rí yẹ̀yẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo sún agolo ekòló mi sọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá ó lè dàgbà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ni mo ti sọ òfin àkọ́pa fún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja tí ìwọ̀ èèyàn bá kọ́kọ́ gbé kì í ṣe tiẹ̀. Àgbà tó bá wà níjòókòó ló ni ín. Àgbà náà yóò gbé e lọ sílé ẹni tó pa á, yóò sè é níbẹ̀, gbogbo ilé yóò jẹ ẹ́, ẹni tó pa á ni yóò sì jẹ orí. Àmọ́ tó bá ti gbé e fún àgbà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹja yóò fi jinná. Tó bá fọwọ́ kàn án, omi á ní ó gba ẹ̀bùn padà. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin náà. Èmi ṣáà ni àgbà ibẹ̀ báyìí, mi ò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Ní ilé, ìyàwó rẹ̀ ò yé béèrè ẹja. Ojú wá ń ti bàbá. Bó ṣe yà ní ibùdókọ̀ Benson nìyẹn, tó ra ẹja yìnyín, tó gbé e délé pé òun ló pa á. Ẹja náà ṣì gan bí igi ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa, pé ìyàwó òun mú un, ó fi gbá tábìlì kàá kàá, ó wá fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Dádì, ṣé inú fìríìjì ni ẹ ti lọ pẹja?" A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi tí ẹja sá fún wa.

Bó ṣe sọ ìyókù ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Ọmọ wọn obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí wọn ní Sátidé. Ìyàwó ní bí wọ́n bá dé tí bàbá kò tíì gbé ẹja tó fúnra rẹ̀ pa wọlé, ọ̀pá ìwọ̀ ti di ọ̀pá ìká máńgòrò nìyẹn, nítorí igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí ọ̀pá kankan ò tó òkè rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, kí bàbá máa wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá sì gbà. Ẹni tó ti gbé ẹja yìnyín délé, ẹnu wo ló kù tó máa fi jiyàn?

Títí Jímọ̀ fi dé, kò rí nǹkan kan pa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a fi gbogbo ibi tó dáa sílẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ekòló, ó di ojú, ó fi sẹ́nu ìwọ̀. A jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí okùn rẹ̀ tó lọ gbọ̀ọ̀rọ̀, ọ̀pá tó ń dán yẹn sì tẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbọ́ tẹnikẹ́ni. Ọ̀bọ̀kún ló fà jáde, ó tó apá mi. Kí n tó sọ pé kó ṣọ́ra fún ẹ̀gún rẹ̀, ó ti dì í mú bí ẹni bọ àna rẹ̀ lọ́wọ́.

Kò pariwo, kò sì jù ú sílẹ̀. Ó kàn ní, "Ó gún mi," bí ẹni ń jábọ̀ fún ọ̀gá.

Ibẹ̀ ni gbogbo wa rántí òfin àkọ́pa. Ó wo ẹja, ó wò mí. Èmi ń wo omi. Ó ṣe mí bíi kí n ní kó máa gbé e lọ. Àmọ́ òfin tí a bá fi àánú ká kúrò nílẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn a ò ní rí i tẹ́. Mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi tẹrí ba, tó na ẹja náà sí mi lọ́wọ́ méjèèjì, tó ní kí n gba àkọ́pa òun. Mo ṣàdúrà fún un, mo bu omi sí korobá mi, mo fi ẹja sí i.

A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí Agric. Nígbà tí a dé géètì ẹ̀sítéètì, ó yíjú sí mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò lè bá yín gbé korobá nìkan? Mi ò ní fọwọ́ kan ẹja."

Mo rò ó wò. Mo ní rárá, etí korobá, mọ̀lẹ́bí ẹja ni.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ òfìfo ọkọ rẹ̀, ó wo korobá lọ́wọ́ mi, ó mí kanlẹ̀.

"Dádì, ẹja yìnyín ò tó, ẹ tún wá lọ háyà màmá arúgbó?"

Mo ní ọkọ rẹ̀ ló pa á. Ó bi mí pé ta ló ni ín. Mi ò lè purọ́ lójú ẹja tí mo fẹ́ sè. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan." Mo wá ṣàlàyé òfin àkọ́pa fún un láti orí dé ìrù, ó ń gbọ́ mi bí ó ṣe máa ń gbọ́ oníbàárà tó ń ní kó dín owó abọ́ kù. Mo rí i kedere pé òfin wa ti fẹ́ gbé bàbá yìí lọ jókòó sáàárín ìkòkò.

Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn nìyẹn, tí mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò láti ìgbà tí a ti wọlé. Mo ní kó yọ ọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wú, ó pupa bíi tòmátì. Ìyàwó gba ọwọ́ náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọkọ fún ojú pọ̀.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ẹja yìnyín kì í gún èèyàn."

Ìyàwó tẹ̀ ba wo inú korobá. Ọ̀bọ̀kún náà fi ìrù gbá omi, omi ta sí i lójú. Bó ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Nígbà tó dìde, omi gbígbóná ló kọ́kọ́ gbé kaná, ó ki àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Òun náà mọ oògùn rẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ.

Mo se ẹja mi. Mo ta ata sí i dáadáa, a fi ẹ̀bà jẹ ẹ́, a sì dá ibi ìrù sí fún àwọn àlejò ọjọ́ kejì kí wọ́n lè rí ẹ̀rí jẹ. Bàbá ò lè fi ọwọ́ yẹn tú orí ẹja. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tú u, tó ń bù ú sí i lẹ́nu bí ọkọ tuntun. Èmi ń wo òrùlé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ti wà létí omi ká tó dé, tòun ti bàtà onírọ́bà. Láti ìgbà náà, kò tíì pa ẹja kejì, a ò sì bi í. Máńgòrò ẹ̀yìn ilé wọn ti pọ́n lókè téńté, àdán ló ń jẹ ẹ́, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀pá.