Ọ̀nà Notsé Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Mo gbọ́ ọbẹ̀ tó ń hó nínú yàrá ọmọ mi, mo sì dìde kí n lọ wò ó kó tó jóná. Ó ń hó yaya, ọmọrí ìkòkò ń jó lórí rẹ̀, mo tilẹ̀ gbọ́ tí igi iná ń dún pàrà-pàrà. Àmọ́ mo fa imú títí, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Èmi tí mo ń ta ìkòkò àti abọ́ tánganran láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo mọ̀ pé kò sí ọbẹ̀ tó ń hó báyẹn tí kì í rán òórùn rẹ̀ síwájú. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Ràfíátù ọmọ mi ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹ̀rọ géèmù pẹlẹbẹ kan mú, ó ń se ọbẹ̀ nínú dígí.

"Ràfíátù, kí ni ò ń sè?"

"Ọbẹ̀ olú ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fojú sí i, kó má jóná."

Ẹ wá gbọ́ o. Ọmọ tí mo bí, tí wọ́n ti so yìgì fún, ń bẹ̀rù kí ọbẹ̀ tí ẹnu kankan kò ní tọ́ wò má baà jóná. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà tí mo ní kó bá mi bojú tó ní àná ti di èédú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ó ní àwọn ará Japan ló ṣe géèmù náà. Ìtàn ni, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kúrò ní abúlé rẹ̀, ó fẹ́ lọ pa ọba búburú kan tó ń ba ayé jẹ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lèèyàn ti ń rí ààfin ọba náà lórí òkè, bí ẹni tó dúró ní ọjà Atakpamé ìlú wa ṣe ń rí òkè níbikíbi tó bá kọjú sí. Mo ní, "Ó dáa, gòkè lọ pa á, kí a lọ sùn." Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó tó ọgọ́rùn-ún wákàtí kéèyàn tó ṣe é dé òpin.

Ọgọ́rùn-ún wákàtí! Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Atakpamé, tó gbé ọmọ pọ̀n, á ti dé Lomé, á ti sinmi, á ti bọ̀ wálé, á ti bá ọkọ rẹ̀ jà, wọn á sì ti parí ìjà. Nítorí ọba kan ṣoṣo! Ọba tí kò sá, tó jókòó sójú kan tó ń retí ẹ.

Mo jókòó tì í kí n lè rí ohun tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà, mo sì rí i yó. Òjò ń rọ̀ nínú ẹ̀, aṣọ ọmọkùnrin náà ń tutù. Oòrùn ń yí, òjìji igi ń yí tẹ̀ lé e. Gbogbo arúgbó inú abúlé ló ní orúkọ, gbogbo wọn ló ní ọ̀rọ̀ sísọ, Ràfíátù sì ń dúró kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì kí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi ìyá kan síbẹ̀ tó ń ta ìkòkò! Wọ́n ya ìkòkò náà dáadáa, mi ò ní purọ́, wọ́n fi èéfín sí ìdí rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí oníbàárà bá dé, iye kan náà lobìnrin yẹn ń pè. Oníbàárà á san án, á kọjá lọ. Kò sí "ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀," kò sí "iye tí mo rà á nìyẹn," kò sí kí oníbàárà ṣe bí ẹni ń lọ, kí a sì pè é padà. Wọ́n ya ewéko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbàgbé pé ọjà là ń ná. Ayé rádaràda.

Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú gan-an nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ràfíátù máa lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Libreville. Àpótí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì, kò tíì di nǹkan kan sínú rẹ̀. Ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti dé ẹnu ọ̀nà ọba búburú náà, òun tún yí padà. Ó padà sí abúlé, ó ń pẹja, ó ń se olú, ó ń kí àwọn arúgbó.

"Ṣé o ya wèrè ni? Wọlé, kí o pa á."

"Màmá, tí mo bá pa á, ó parí nìyẹn."

Mo dìde, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, Afi, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe, ni mo sì ń rántí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé ará Japan ló kọ́ aráyé ní irú eré yẹn. Ẹ ṣe sùúrù. Ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá tajà ní Atakpamé, agbo ilé wa sì kún fún ọmọ, ewúrẹ́ àti agolo omi àlùwàlá. Ilé tó tẹ̀ lé tiwa, Ifẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Atakpamé ni wọ́n, ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ. Bàbá ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Agbonou, fìlà iṣẹ́ kì í kúrò lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ balùwẹ̀ ló ń lọ. Afi ni ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín bí igi ìjábẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó ń sọ Ifẹ̀ rẹ̀, mò ń sọ Yorùbá mi, a sì ń gbọ́ ara wa yékéyéké, pàápàá tí a bá ń bú ara wa.

Ìgbà ọyẹ́ kan ni èmi, Afi àti àwọn ọmọ agbo ilé tẹ ìlú kan dó sẹ́yìn ilé wa. Ìkarahun ìgbín ni èèyàn, òkúta wẹ́wẹ́ ni ewúrẹ́, ìdérí ìgò ni abọ́ tí mo ń tà. Mo pàtẹ tèmi tán, inú mi ń dùn, Afi dé, ó wò ó bí ẹni wo ìgbẹ́ adìyẹ.

"Ṣé bí ẹ̀yin Yorùbá ṣe ń pàtẹ rèé? Níbo ni oníbàárà máa gbẹ́sẹ̀ sí?"

Ó fọwọ́ gbá a dànù. Mo sunkún, mo tún un tò. Ìgbéraga ọmọ yẹn kò láàlà, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, títí dòní mo máa ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ oníbàárà. Ó mú àwọn ìlú gidi tó wà lágbègbè wa wọnú eré: òun ló fi Akparé sídìí ògiri, ó kó èérún iṣu síbẹ̀. Òun ló fi Datcha sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í ti gbẹ, a sì gbin àgbàdo gidi síbẹ̀, ó hù. Notsé, tó jìnnà lọ́nà Lomé, wà lábẹ́ igi máńgòrò, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wa. Ìyá mi dúró lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé ìdí, ó ní, "Ìlú tí kò ní ṣáláńgá, irú ìlú wo nìyẹn?" Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, Afi ti gbẹ́ ọ̀kan.

Òun náà ló ṣòfin. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fò lọ sí Notsé, nítorí náà ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lábẹ́ máńgòrò títí òjìji igi á fi kan ògiri. Kò gbọdọ̀ bá wa sọ̀rọ̀, torí pé ta ló ń jókòó ní Notsé tí ará Atakpamé ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Òfin tó kù, àwọn ìyá wa la ti rí i kọ́. Nílé wa, oníṣòwò tó bá ti gbẹ́rù karí, wọn kì í pè é láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá pè é, ìrìn náà bàjẹ́ nìyẹn, ó ní láti sọ ẹrù kalẹ̀, kó mu omi, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi gbàgbé gèlè rẹ̀ sórí àga lọ́jọ́ kan, gbogbo wa ń wò ó bó ṣe ń lọ láìwé nǹkan, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti àjò, omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìlú tiwa, ìkarahun kan wà tó jẹ́ ti omi yẹn nìkan.

Eré yẹn kò lópin. Kò sí ọba tí a fẹ́ pa. A ń jí, a ń tajà, a ń lọ Akparé, a ń bọ̀, ọyẹ́ ń gbẹ ètè wa ya.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Afi dúró láàárín ìlú, ó wọ aṣọ ìsìn, ó wọ bàtà, ó gbé agbada tí wọ́n fi aṣọ bò karí. Ó ní, "Mò ń lọ Notsé." Kò gba ọ̀nà máńgòrò. Ẹnu ọ̀nà ìta ló kọjú sí, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù ńlá, bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àpótí àti fìlà. Ṣé ẹ mọ ohun tí a ṣe? A pàtẹ́wọ́! "Ẹ wo Afi! Ó ti mú ìyá ẹ̀ wọnú eré!" Ìlara fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹrù gidi, àgbàlagbà gidi, ta ló tún máa ṣe eré tó ju ìyẹn lọ?

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò wẹ̀yìn, nítorí arìnrìnàjò kì í wẹ̀yìn. Ẹrù wà lórí rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mo pa ẹnu mi mọ́ gbáú, kì í ṣe èmi ni wọ́n máa sọ pé ó ba irú eré tó dára báyẹn jẹ́. Ó dúró, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó jáde. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti Agbonou.

Òjìji máńgòrò kan ògiri, ó kọjá ògiri, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ìyá mi bá mi lẹ́bàá ìkarahun omi.

"Ta lò ń dúró dè?"

"Afi ni. Ó lọ Notsé."

"Notsé kẹ̀? Wọ́n ti gbé iṣẹ́ bàbá ẹ̀ lọ sí Blitta. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Blitta! Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀nà kan náà. Elékèé ọmọ. Títí òjò àkọ́rọ̀ fi gbá ìlú wa lọ ni mo ń bu omi sínú ìkarahun yẹn, àwọn adìyẹ ń mu ún, wọ́n sanra.

Ọkọ̀ ojú irin kò fọn fèrè mọ́ ní Agbonou, ewúrẹ́ ló ń sùn sórí irin. Ẹnì kan ti kọ́ ilé alájà sórí Akparé àti Datcha wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ ra ọjà ní Lomé, tí mọ́tò dúró ní Notsé, tí àwọn obìnrin gbé búrẹ́dì àti ẹyin sáré bò wá, mo máa ń wo ojú àwọn tó bá ti dàgbà tó mi. Ẹ má bi mí ní ìdí ẹ̀. Òmùgọ̀ kò ní ọjọ́ orí.

Ọjọ́ tí Ràfíátù ń lọ pé. Ilé kún, gbogbo wọn ń sunkún bí ẹni tí wọ́n san owó fún. Ó gbé báàgì karí, torí ọ̀nà wa kò gba mọ́tò, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Kò wẹ̀yìn. Mo kọ́ ọ dáadáa.

"Ràfíátù!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé ọwọ́ lérí. "Háà, ìyàwó! O pe arìnrìnàjò láti ẹ̀yìn?"

"Mo pè é. Èmi ni mo bí i."

Ó yí padà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, mo bu omi fún un, ó mu ún, omijé ń kán sínú abọ́. Mo kàn ní, "Ọba burúkú yẹn ńkọ́, o ti pa á?"

Ẹ̀rín bú mọ́ ọn lẹ́nu. "Rárá o, Màmá. Mo fi í sílẹ̀ lórí òkè ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó jókòó síbẹ̀, ọ̀lẹ."

Ó tún ẹrù rẹ̀ gbé, ó lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò pè é.

Mo ṣì ń sọ ọ́: ọgọ́rùn-ún wákàtí nítorí ọba kan, ìṣòfò ni, ọjà tí wọn kì í ná kì í ṣe ọjà. Àmọ́ àwọn ará Japan yẹn, ó jọ pé ẹnì kan ti lọ Notsé mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Abọ́ omi Ràfíátù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn adìyẹ ti mu ún tán láàárọ̀ yìí. Mo ti bu òmíràn.