Ìyá Ẹ-Dín-In, Ẹni Tó Ń Ná Ariwo

Bí àwọn aládùúgbò bá ti ń rántí Ìyá Ẹ-Dín-In, ọ̀rọ̀ àríyá ìparí ọdún ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá sílẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ tó Díjè, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí.

Iṣẹ́ Díjè ni kó máa gbé sípíkà lọ síbi àríyá. Lọ́jọ́ yẹn, ó to sípíkà gogoro méjì sí pápá tó wà lẹ́yìn òpópónà wọn, orin ń dún débi pé ife ń jó lórí tábìlì. Ni ìyá kékeré kan, télọ̀ tó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, bá yọ sí i. Ó nàka sí sípíkà bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà.

"Èló lẹ pe eléyìí?"

"Màmá, mi ò ta sípíkà o."

"Ta ló fẹ́ ra sípíkà? Ariwo inú ẹ̀ ni mò ń ná. Èló ló wà báyìí?"

Díjè wo ẹ̀rọ rẹ̀. "Mẹ́wàá, mà."

"Mo san méjì."

"Háà, màmá! Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run. Mẹ́sàn-án ni jálẹ̀."

"Ẹ bá mi dín in, jọ̀ọ́. Àbúrò mi wà nílé, ó fẹ́ wá."

"Kò gbà, mà."

Ìyá náà ò bínú. Ó ní kò burú, ó yí padà, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí oníbàárà tó mọ̀ pé wọ́n á pe òun padà. Díjè ti ń rẹ́rìn-ín pé òun ti borí, àfi bí orin ṣe dákẹ́ wáí. Nígbà tó wo ilẹ̀, ó rí wáyà tó ń wọ́ tẹ̀ lé ìyá náà nínú koríko. Wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò; tirẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ padà, màmá! Ẹ wá mú un ní mẹ́ta!"

"Ènì mi ńkọ́?"

Ènì tó gbà ni pé kí Díjè pa àwọn iná aláràbarà tó ń ṣẹ́jú pìrìpìrì lórí igi.

Àbúrò tó torí rẹ̀ ná ariwo yìí kì í ṣe ọmọdé. Ewú ti wà nírùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń ṣa bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń tò wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀. Ara rẹ̀ le koko. Kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe dá a ni. Ohun tó jẹ́ ariwo lásán létí wa, bí ẹni ń lu òun ló ṣe ń rí lára tirẹ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú a máa gún un lójú, ìwé pélébé tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù sì lè ba odindi ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn èèyàn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọọdún, àwọn ẹbí á ní kó kúkú jókòó sí yàrá ẹ̀yìn títí àríyá á fi parí.

"Ṣé ẹrù ni," Ìyá Ẹ-Dín-In bi wọ́n, "tí a ó fi máa kó o pamọ́ bí àlejò bá dé?"

Ọdún náà ni Bàbá Bọ́tìnnì kọ́kọ́ jókòó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ ní pápá. Ó dé fìlà onítìmùtìmù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán bò ó létí méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Díjè rí ẹ̀rín yẹn, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí Ìyá Ẹ-Dín-In lókèèrè, á ti sáré yí orin sí márùn-ún, kí díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún màmá láti ná.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọgbà ìgbafẹ́ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń lọ, kí èrò tó dé. Olùṣọ́ ọgbà ní aago mẹ́jọ làwọn ń ṣílẹ̀kùn. Ìyá ní òun san mẹ́fà. Wọ́n pàdé ní méje, ó sì gba ènì: kí olùṣọ́ fi epo sí géètì tó ń han. Bàbá Bọ́tìnnì á bọ́ bàtà, á máa rìn nínú ìrì, kò ní sẹ́ni tó máa fara gbún un.

Òjò nìkan ni ò ṣe é ná. Páànù orí ilé á máa han gooro, Bàbá Bọ́tìnnì á wọ abẹ́ tábìlì lọ. Ìyá dúró lójú fèrèsé, ó ní kí òjò bá òun dín in. Òjò ò dáhùn. Ló bá kó àgékù aṣọ ṣọ́ọ̀bù sínú àpò, ó so àpò mọ́ abẹ́ páànù, mọ́ ògiri, mọ́ ilẹ̀kùn. Lánlọ́ọ̀dù gbọ́ pé wọ́n ń so nǹkan mọ́ ilé òun, ó fìbínú dé nínú òjò, ó lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tó jàjà já wọlé, ó bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n jókòó ti abọ́ bọ́tìnnì kan, wọ́n ń ṣà á wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo níta!"

Ìyá Ẹ-Dín-In fò dìde, ó dì mọ́ ọn. "Ẹ ṣeun, Lánlọ́ọ̀dù! A ò tiẹ̀ gbọ́ yín rárá! Ó ṣiṣẹ́!"

Nígbà tó yá, igun jẹ́jẹ́ kan tí Ìyá fi kọ́tìnnì pa láàlà fún àbúrò rẹ̀ ní pápá di ibi tí gbogbo àdúgbò ń dù. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń sá wá síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà náà ń bọ̀. Lánlọ́ọ̀dù gan-an wá, ó sùn lọ fọnfọn, ó ń hanrun. Ìyá Ẹ-Dín-In rọra tọ́ ọ léjìká. "Lánlọ́ọ̀dù, ẹ bá wa dín in."

Nígbà tí ọjọ́ Ìyá Ẹ-Dín-In pé, wẹ́rẹ́ ló lọ, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ará ilé. Pápá kan náà ni wọ́n ti ṣe ìdágbére rẹ̀. Àwọn ẹbí ní irú ìyá báyìí, mẹ́wàá ni kí Díjè fi orin sí, kí ayé gbọ́. Díjè ní òun ti gbọ́, ó sì fi sí márùn-ún. Àga ìyá ṣófo níwájú. Àga àbúrò rẹ̀ náà ṣófo, nítorí látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, kò jáde nílé. Ta ni yóò máa ná ariwo fún un báyìí? Ohun tó ń dun Díjè lọ́kàn nìyẹn, bó ṣe ń wo ọ̀nà.

Ló bá rí fìlà onítìmùtìmù lókèèrè. Ọkùnrin náà, tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí, wá dúró níwájú rẹ̀, ó nàka sí sípíkà.

"Èló?"

Díjè wo ẹ̀rọ rẹ̀. "Márùn-ún, sà."

"Méjì."

Ó wù ú kó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé olóògbé ò ní fẹ́ ọjà tí wọn ò ná dáadáa. "Kò gbà, sà. Mẹ́rin ni jálẹ̀."

Bàbá Bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó yí padà, ó ń lọ. Àyà Díjè já: òun ti lé e lọ o! Ó fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ìgbà náà ló tó mọ̀ pé orin ti dákẹ́. Ó wo ilẹ̀. Wáyà ń wọ́ tẹ̀ lé ọkùnrin náà nínú koríko.

Gbogbo pápá rí i, gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín, kálukú sì fọwọ́ bo ẹnu kó má bàa dún jù. Omi ń bọ́ lójú Díjè. "Ẹ padà, sà! Mo ti tà á! Ẹ wá mú un ní méjì!"

Bàbá Bọ́tìnnì padà, ó gbé púlọ́ọ̀gì lé e lọ́wọ́.

"Ènì mi ńkọ́?"

Díjè wo púlọ́ọ̀gì náà. Ó ká wáyà rẹ̀ jọ, ó dì í, ó sì kì í bọ àpò; ènì náà nìyẹn, orin ò dún mọ́. Bàbá Bọ́tìnnì lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, kò sì dìde títí ilẹ̀ fi ṣú.