Ọ̀pá Mọ́tò Olójú-Ọ̀pọ̀lọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra iṣu ní Olódò. Ọkọ̀ kòròpé ni mo wọ̀ lọ, torí ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọkọ mi ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ilé wa tí kò rí i. Mo ń bọ̀ pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ni òórùn kan bá ṣàdédé dá mi dúró. Mẹkáníìkì kan ló lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi bẹntiróòlù fọ kábúrétọ̀ mọ́tò nínú bàsíà ike, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹntiróòlù, gíríìsì àti eruku ọjọ́ pípẹ́ ti dà pọ̀. Àwọn tó ń kọjá ń di imú, èmi ń fà á sínú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wò mí títí, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa, torí Erunmu ni mo wà, ní ilé Bàbá Àgbà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí mọ́tò kì í jọ yín lójú mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mọ́tò kan fún yín. Bàbá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló ni ín. Nígbà tí kòkó ṣì ń mówó wọlé dáadáa ni wọ́n rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta rangandan. Ìyẹn ni gbogbo Erunmu ṣe ń pè é ní Olójú-Ọ̀pọ̀lọ́. Ní gbogbo agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá, kò sí irú rẹ̀ mìíràn. Àwọn àlejò a máa dúró wò ó, Bàbá Àgbà a sì máa ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí i pé wọ́n ń wò ó.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí mi ló ti dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, àwọn adìẹ ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ilé ìyín wọn, koríko sì ti gùn dé ilẹ̀kùn. Àwa ọmọdé a máa há ara wa sínú rẹ̀, a ó máa fi ẹnu ṣe bí ẹ́ńjìnnì. Mo ti wà á dé Mẹ́kà, mo ti wà á dé Lọ́ńdọ̀nù, láìkúrò lábẹ́ igi.

Ẹ sì mọ agbo ilé. Ohun tí kò bá ti ṣiṣẹ́, gbogbo ilé ló ni ín. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan o, wọ́n kàn yá a ni. Ìjókòó iwájú wà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń jókòó sí bí ọba. Ìdérí táyà, orí rẹ̀ ni ìyàwó ilé kan ń sá ata sí. Dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn ti di èyí tí àwọn ọmọge fi ń lé tìróò. Fèrè rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àbúrò Bàbá Àgbà ló gbé e lọ sóko, ó fi ń lé ọ̀bọ nínú àgbàdo.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Iléyá bọ́ sínú ọlidé gígùn. Bàbá mi, Gáníyù, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tó sì ń gbé ní Ọlọ́runṣògo, kó wa wá sí Erunmu, ó sì mú ọ̀rọ̀ wá. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù kékeré kan fún àwọn òbí wọn. Ibi tó dára jù ni abẹ́ igi àgbálùmọ̀ yẹn. Àwọn tó ń ra irin àlòkù máa wá kó mọ́tò náà lẹ́yìn Iléyá.

Bàbá Àgbà jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Ojú wọn ti ń ṣókùnkùn nígbà yẹn, ìró ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní, "Gáníyù, mo fẹ́ fi mọ́tò mi lọ sí yídì lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó pa dé pátápátá. Bó bá gbé mi lọ kírun Iléyá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e kúrò ńbẹ̀ níṣojú mi. Bí kò bá lè gbé mi, ẹ máa kó o lọ, mi ò ní bínú." Bàbá mi gbà, torí ó dá a lójú pé kò lè ṣeé ṣe. Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Òkú ni ẹ máa wá gùn lọ kírun? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ jàre." Ó yà wá lẹ́nu, torí Ìyá Àgbà kì í dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Olódò ni wọ́n ti mú mẹkáníìkì wá. Làmídì lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó rí Olójú-Ọ̀pọ̀lọ́, ó ṣí fìlà. "Yéè! Ta ló fi arẹwà yìí sílẹ̀ báyìí?" Ó ní kí omi àlùwàlá Bàbá tó gbẹ lẹ́sẹ̀ wọn, òun á ti jí i. Omi àlùwàlá gbẹ, wọ́n tún òmíràn ṣe lọ́jọ́ kejì, Làmídì ṣì wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ nìkan là ń rí. Adìẹ kan ń sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà náà, Ìyá Àgbà sì ti búra pé ẹni tó bá gbé e kúrò lórí ẹyin máa fojú winá òun. Nígbà tí Làmídì bá nawọ́ síbẹ̀, adìẹ a fẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́, Làmídì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá adìẹ jà.

Bàbá Àgbà ní kí gbogbo ẹni tó yá nǹkan dá a padà. Ẹ̀ẹ́, ariwo sọ! Onígbàjámọ̀ ní ta ló máa wá jókòó sórí àpótí lásán nísọ̀ òun. Ẹni tó ń lé ọ̀bọ ní kí Bàbá wá máa ṣọ́ àgbàdo òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kó wọn bọ̀ náà. Bàbá Àgbà á gba nǹkan náà mọ́ àyà, wọ́n á fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n á ní, "Ìwọ rèé," bíi pé ọmọ wọn ló ti ìdálẹ̀ dé. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn lásìkò náà gan-an. Làmídì fi bẹntiróòlù fọ gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, òórùn náà wọ aṣọ wa, ó wọ oúnjẹ wa, a ò sì bìkítà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Iléyá dé, ó ti to gbogbo rẹ̀ padà. Bátìrì wà, epo wà. Sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì ni kò sí, ó ti jóná láti ayébáyé, a ò sì rí irú rẹ̀ rà níbì kankan. Gbogbo agbo ilé tú jáde láti ti mọ́tò. A tì í títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń wọ́ lórí ẹrẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì ò yí. Làmídì ní ó ti gan, pé ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi yí i díẹ̀díẹ̀ láti iwájú, pẹ̀lú ọ̀pá mọ́tò, irin wíwọ́ kan tí Bàbá fi ń jí i láyé àtijọ́. Bàbá ní inú búùtù làwọn fi í sí kó tó di àwátì. A tú búùtù, a tú àká, a wá a dé ìdí ààtàn. Wélídà kan rọ òmíràn, ẹnu rẹ̀ ò wọlé.

Ọjọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la, Làmídì nu ọwọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti sa gbogbo ipá mi." Àwọn àgbò ń ké káàkiri. Bàbá Àgbà na ọwọ́ títí ó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ẹ sọ fún àwọn onírin." Wọ́n gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, omi nìkan ni wọ́n mu, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìyá Àgbà wo oúnjẹ náà, wọ́n wo ojú Bàbá Àgbà, wọ́n dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì fa irin tí wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn jáde. Irin yẹn! Alaalẹ́ làwa ọmọ tó ń sùn lọ́dọ̀ wọn máa ń fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A ti wá a káàkiri Erunmu, àwa la sì ń gbé e.

Ìyá Àgbà gbé e lé ẹsẹ̀ ọkọ wọn. "Bàbá Gáníyù, ọ̀pá yín rèé. Èmi ni mo mú un. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wa mọ́tò wọnú oko ẹ̀gẹ́, tẹ́ ẹ ní òjò ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọ̀nà, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ń ràn."

Bàbá Àgbà fi ìka tọ irin náà láti orí dé ìdí. "Àmọ̀kẹ́, a jẹ́ pé mọ́tò mi ò kú látọjọ́ yìí?"

"Mọ́tò kọ́ ló ká mi lára," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú."

Mo rò pé ìjà ló dé. Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé òjò ò rọ̀," wọ́n sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ sún mọ́ àwọn. Ìyá Àgbà ní ó kù kan: Làmídì ni yóò wà á, Bàbá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan síárìn láéláé. Bàbá ní àwọn ti gbọ́.

Láàárọ̀ Iléyá, Làmídì ti ọ̀pá bọ iwájú Olójú-Ọ̀pọ̀lọ́, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yí i, ó yí i, òógùn bò ó. Mọ́tò wúkọ́. Ó tún yí i. Èéfín dúdú tú jáde, igi àgbálùmọ̀ mì, ẹ́ńjìnnì sì bú gbàà! Adìẹ tó ti pamọ lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá wọ ààtàn. Bàbá Àgbà ń sunkún, wọn ò sì nu omijé wọn.

Ẹ̀yìn làwọn méjèèjì jókòó sí, nínú agbádá àti ìró funfun. Mo há sí iwájú. Làmídì rọra ń wà á, àwọn ọmọdé ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń pariwo pé Olójú-Ọ̀pọ̀lọ́ ti jí. Lábẹ́ ariwo yẹn ni mo ti ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà: "Ilé onígbàjámọ̀ rèé, wọ́n ti kùn ún. Igi ìrókò yẹn, wọ́n ti gé e. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí yín lápá ọ̀tún." Bàbá Àgbà á yíjú sí ọ̀tún, wọ́n á juwọ́ padà. "Mo rí i," ni wọ́n ń wí. "Mo rí i, Àmọ̀kẹ́."

Ẹ̀gbẹ́ kejì àgbàlá ni bàbá mi wá kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù náà sí. Àwọn arúgbó méjèèjì ti lọ tipẹ́, wọ́n ti dá ọ̀dà sí ọ̀nà yídì, ọ̀kadà ló sì kúnbẹ̀ báyìí. Olójú-Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà lábẹ́ páànù tí bàbá mi kàn bò ó, ó tún ti sùn padà. Èmi ni mo jogún ọ̀pá. Mo ní géètì, mo ní kọ́kọ́rọ́ lóríṣiríṣi, síbẹ̀ òun ni mo fi ń dábùú ilẹ̀kùn yàrá mi.

Ọkọ mi ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò o. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan kó tó di àwátì, ó wa mọ́tò lọ gbá ògiri aládùúgbò wa, ó ní òjò ni ò jẹ́ kí òun ríran. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ní dákẹ́ tó bí Ìyá Àgbà ṣe dákẹ́. Lọ́la, màá jókòó tì í, màá bá a sọ ọ́, a ó sì jọ lọ rí dókítà ojú. Títí dìgbà náà, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò gàrí.