Ẹni Tó Bá Dúró Ni Wọ́n Kà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Ó wá ní òun fẹ́ du alága ìjọba ìbílẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà tí mo sì ti gbàgbé mẹ́rin níbẹ̀, mo ní kó rọra.

Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ̀rù yín tó yín jẹ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ má bù fún mi."

Ó dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀ ní Ìlọrà. Adití, arọ, ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ pé, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Àwọn òbí wọn ló gbójú lé lọ́jọ́ ìdìbò abẹ́nú.

Fìdítì la ti dì í. Kò sí pé à ń tẹ̀ka. Ẹni tó o bá fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa tò sí lójú gbogbo ayé, ẹgbẹ́ á ní kí ẹnì kan máa fọwọ́ kan orí yín, kó máa kà. Kọngilá kan tó ń gbaṣẹ́ ìjọba ló ń bá a du ipò náà, àwọn tó kó wá mú igi lọ́wọ́. Mo fa etí abetí ajá mi bojú, mo sá sẹ́yìn ọkùnrin gíga kan, bí ẹni pé fìlà lè bo irú ikùn tí mo ní.

Ọkàdà já àwọn èèyàn tiwa sílẹ̀ láti Akinmọ́rìn. Àwọn arọ wà nínú wọn, wọ́n jókòó sórí ìlà. Aránbàtà kan nínú wọn ló jókòó sáàárín èmi àti ọkùnrin gíga yẹn. Tíṣà àgbà tó ń kà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fò ó, ó gbé ọwọ́ lé orí mi.

"Ẹ ò ka eléyìí, sà," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹni tó bá dúró ni wọ́n ní kí n kà. Ṣé ó dúró ni?"

"Arọ ni, sà."

"Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ di arọ?"

Ọkùnrin gíga yẹn pọn aránbàtà. Tíṣà fọwọ́ kan orí ẹni tó pọ̀n ọ́n. "Ẹsẹ̀ méjì, èèyàn kan."

Ẹnì kan pariwo láti ìlà kejì: "Pọ̀n ọ́n dáadáa, kó má tọ̀ sí ẹ lẹ́yìn."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Onígi kan wò mí. Mo bá fi ẹnu náà yán.

Kọngilá wọlé. Iye tó fi jù wá lọ kò tó àwọn tiwa tó wà nílẹ̀. Àwọn onígi ń fi ìdí wọ́ lórí iyanrìn, wọ́n ń bi ara wọn pé, "Ṣé wọ́n kà ọ́?"

Nígbà tí a ń gbé aránbàtà sórí ọkàdà, ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú. Ọmọbìnrin aránbàtà yìí wà nílé-ìwé Ìlọrà náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ mi pé wọn ò kà mí."

"Mi ò ní sọ, sà."

Lọ́jọ́ Ajé, mo ń ṣán koríko nílé-ìwé náà nígbà tí àwọn ọmọ tò fún àdúrà àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń fọwọ́ kan orí àwọn yòókù, ó ń kà. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ aránbàtà, ó fò ó.

"Wọn kì í ka ará ilé yín."

Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn dá ṣáṣá. Ó wo ẹni tó ń kà, ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ títí tí agogo fi dún, kò dìde.